Òkè Odò Ni Ìjà Omi Ẹlẹ́yẹlé Wà

Etí omi ni ojú wa máa ń wà nígbà tí ọ̀rọ̀ adágún Ẹlẹ́yẹlé n'Íbàdàn, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1942, bá délẹ̀: ta ló kọ́lé sún mọ́ ọn, ilé ta ni wọn yóò wó. Èmi gbà pé òkè odò Ọ̀nà ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, nínú oko Ìdó àti Akínyẹlé, nítorí ibẹ̀ lomi ti ń ṣàn wá.

Òjò tó bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí àgbẹ̀ dá sí kó sinmi kì í yára lọ. Ewé á gbà á, ilẹ̀ á fà á mu, yóò sì máa sun díẹ̀díẹ̀ sínú àkúrọ̀ tí àwọn obìnrin ń gbin ẹ̀fọ́ sí lẹ́ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí katapílà bá ti họ ilẹ̀ yẹn, òjò kan náà á gbá iyẹ̀pẹ̀ pupa wọnú adágún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á sì máa kún.

Ìdí tí katapílà fi ń dé oko ni pé wọ́n ń gé e tà fún ilé kíkọ́, bẹ́ẹ̀ Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ka ìyẹn léèwọ̀. Abala 36 ní kí ẹnikẹ́ni má gé ilẹ̀ oko tí kò sí láàárín ìgboro sí pulọ́ọ̀tì. Ẹni tó bá sì fi ìwé tà á yóò san 5,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Owó yẹn kò ra àpò sìmẹ́ǹtì kan mọ́. Abala 29 ló tún burú jù. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, yóò san owó irúgbìn àti ilé. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, kìkì owó tí onílẹ̀ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gba ilẹ̀ náà ni yóò dá padà. Àgbẹ̀ tí kò san nǹkan kan, òfo ni. Ìdílé tó gbọ́ pé ìjọba ń bọ̀, kí ni wọn ò ṣe ní tà? Ojúkòkòrò ọmọ onílẹ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ òfin ló ń tì wọ́n.

Àwọn kan á ní ilẹ̀ ṣì ṣeé dáàbò bò, wọn á sì tọ́ka sí ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ n'Íbàdàn, tí igbó àti adágún rẹ̀ ṣì wà láàárín ilé tó yí i ká. Ògiri ló dáàbò bò ó. A kò lè mọ ògiri yí oko àgbẹ̀ ká.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 mú kí àtúnṣe abala 29 ṣòro. Síbẹ̀, n kò rí ibi tí abala náà ti ní kí ìpínlẹ̀ má san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbi ìsun àti àkúrọ̀: kí ìdílé tó bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún oko máa gbowó lọ́dọọdún, kí ìwé àdéhùn sì wà lọ́wọ́ baálẹ̀ àti mọgàjí, torí àwọn ni ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ bá.