Ilé-ẹ̀kọ́ Alẹ́ Àwọn Ìyá Wa

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́! Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló fa ọ̀rọ̀ tòní. Wọ́n kó wọn wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, iná sì lọ lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo ké pé, "Ààlọ́ o!" Ó kàn ń wò mí ni. Kò mọ̀ pé òun ló kàn láti dáhùn.

Nígbà tí èmi wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, kò sí jẹ́léósinmi ní abúlé wa. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá ìyá mi ni tiwa. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, a ó yí i ká. Ọwọ́ tirẹ̀ kì í dilẹ̀: bí kò bá ranwú, á máa bó ẹ̀gúsí. Àwọn àgbà nínú wa a bá a bó o. Àwa kéékèèké a máa fi amọ̀ mọ ìkòkò àti ẹran, tàbí kí á máa fi imọ̀ ọ̀pẹ hun nǹkan. Wọ́n ní èèwọ̀ ni kí a pàlọ́ lọ́sàn-án. Mo dàgbà kí n tó rí ọgbọ́n ibẹ̀: bí ìtàn bá gba ọ̀sán, ta ni yóò roko?

Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ẹ̀kọ́ náà. Àlọ́ apamọ̀ ló ń ṣáájú, kí ọpọlọ lè jí. Àlọ́ onítàn ló ń tẹ̀ lé e, pẹ̀lú orin tí gbogbo wa ń gbè. Ìpè yẹn pàápàá, ẹ̀kọ́ ohùn ni. "Ààlọ́" parí sí ohùn òkè. "Ààlọ̀" tí a fi ń dáhùn parí sí ohùn ìsàlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ti gbọ́ ìyàtọ̀ tí mo fi odidi sáà kan kọ́ yín!

Kí ló wá dé? Ní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ohun rere ni. Èmi gan-an jẹ nínú rẹ̀. Ní 1959, tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn. Iṣẹ́ àṣetiléwá àti ẹ̀rọ wá ń bá ìyá àgbà du alẹ́. Àwọn kan kò dákẹ́ o. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1973, Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde. Ní 1977, ìlànà ẹ̀kọ́ Nàìjíríà ní kí á fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi. Ní 2022, ìjọba tún fọwọ́ sí èdè abínibí fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 2025, wọ́n wọ́gi lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n di gbogbo ẹ̀bi ru ìjọba. Èmi tí mò ń kọ́ yín ní ìró ohùn Yorùbá lọ́sàn-án, Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń sọ sí àwọn ọmọ mi nílé lálẹ́. Mo rò pé Yorùbá yóò kàn dé bá wọn ni. Ta ni ìbá wá kọ́ ọmọ wọn ní "ààlọ̀"?

Lọ́jọ́ kejì, mo wá amọ̀ díẹ̀. Bí ilẹ̀ ti ṣú, èmi àti ọmọ náà jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í mọ Ìjàpá. "Kí lèyí, bàbá àgbà?" Mo ní, "Ìkarahun." Ó tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó ní, "Ìkarahun." Mo sọ orí, ó mọ orí, mo sọ ìrù, ó mọ ìrù tó gùn ju ẹsẹ̀ lọ. Ohun tí ọwọ́ bá mọ, ẹnu kì í tètè gbàgbé rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, kí n tó la ẹnu, òun ló ké sí mi: "Ààlọ́ o!"

Mo dáhùn. Ohùn mi fẹ́ẹ̀ má jáde.

Ẹ̀yin náà, ẹ wá amọ̀.