Àwọn Tí Wọ́n Là Lẹ́yìn

Lọ́dún 1934, ní Boston, William Mixter àti Joseph Barr kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn lè yọ síta, kó sì tẹ iṣan mọ́lẹ̀. Látìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ti gbilẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí wọ́n bá là lẹ́yìn, orí bẹ́ẹ̀dì ni yóò wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

John Kennedy, tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, mọ̀ ọ́n lára. Ní oṣù Kẹwàá 1954, wọ́n fi irin sí i lẹ́yìn ní New York. Ojú ọgbẹ́ kẹ̀, wọ́n pe àlùfáà sí i, wọ́n sì tún un là ní 1955 láti yọ irin náà. Orí ìdùbúlẹ̀ yìí ló ti ṣiṣẹ́ lórí ìwé Profiles in Courage. Dókítà Janet Travell ló ní kó máa jókòó sórí àga tó ń mì síwá sẹ́yìn. Gbogbo ayé rí àga yẹn. Bẹ́líìtì líle abẹ́ ẹ̀wù rẹ̀ ni wọn ò rí.

Nígbà tí wọ́n la èmi náà lẹ́yìn, tèmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ báyìí, nọ́ọ̀sì ní kí n dìde rìn. Má bẹ̀rẹ̀, má gbé ẹrù, má lọ́ ara. Ó mà rọrùn lẹ́nu o! Ta ló ń fi ìgbálẹ̀ wa gbálẹ̀ láìbẹ̀rẹ̀? Ọmọ pípọ̀n ńkọ́? Ìkúnlẹ̀ ló wá le jù. Nígbà tí ìyá ọkọ mi wọlé, mo dúró ṣánṣán bí òpó.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ má bínú, ẹ̀yìn ni."

Wọ́n wò mí tòkè-tilẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí n máa ka ìkúnlẹ̀ tí mo jẹ àwọn.