Olówó Là Ń Pè, A Kò Pe Èrò

Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le: òwò tí a kò polówó rẹ̀ yóò máa rù bí aláìsàn tí kò rí egbòogi lò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú òwe yìí tí à ń pè lójoojúmọ́ láì tú u wò, òun ni mo fẹ́ kí a tú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ariwo ni ìpolówó. Ẹni tó bá dúró ní ráńdábáòtù Ìkọ̀tún l'Ékòó ní ìrọ̀lẹ́ yóò gbà bẹ́ẹ̀: sípíkà ẹni tó ń ta oògùn eku ń ké, ti ẹni tó ń ta oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ń dá a lóhùn, ti oníṣọ́ọ̀bù fóònù sì ń bo méjèèjì mọ́lẹ̀. Etí gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò mú ìkankan délé. Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà: polówó, pe olówó. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ń wá ohun tí a ní, òun là ń pè. Kò sẹ́ni tó ní ká pe èrò. Ìyàtọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kékeré kò kà sí, ibẹ̀ sì ni owó wọn ti ń jò.

Àwọn ìyá tó ń kiri mọ́ínmọ́ín mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọn kì í kéde pé mọ́ínmọ́ín àwọn dára. Ta ni yóò ní tòun kò dára? Ẹlẹ́mìí méje ni wọ́n ń pè é. Ẹyin wà níbẹ̀, ẹja wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rà á lè tú ewé kó kà á. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbà, ní àsìkò kan náà, pẹ̀lú ohùn kan náà, débi pé ọmọ inú yàrá ti mọ ẹni tó ń bọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó já gaara sí i létí. Ariwo kọ́ nìyẹn. Ìdánimọ̀ ni.

Ìkiri yẹn gan-an ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin Èkó. Òfin ọdún 2003 ka ọjà títà lójú pópó léèwọ̀. Nígbà tí ìjọba tún gbé e dìde ní 2016, ìtanràn ₦90,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni wọ́n kéde. Pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù pàápàá, àjọ LASAA ló ń bójú tó o, owó sì wà tí à ń san lé e. Ohun tí a sanwó lé yẹ kó ṣiṣẹ́. Ẹ wo títì Ẹgbẹ́dá sí Ìdímù: télọ̀ tó bá gbé pátákó síta, aṣọ ìgbàlódé ló ń kọ sí i, èkejì rẹ̀ sì kọ ohun kan náà. Bí ọ̀kan bá kọ ọ́ pé yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé lòun ń rán, ọjọ́ mẹ́ta ló sì ń gbà, ìyá tí aṣọ ọmọ rẹ̀ ya lánàá yóò dúró.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ibi tí èrò bá pọ̀ sí ni òwò ti ń yá. Nínú ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ l'Ékòó. Ìjọba Èkó, tó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, rí 2,047,026. Èyíkéyìí tí a bá gbà, èrò pọ̀. Ṣùgbọ́n láti 2003 ni ìpínlẹ̀ ti pín agbègbè náà sí ìjọba ìbílẹ̀ kan àti ìjọba ìdàgbàsókè márùn-ún, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì ti pín in wẹ́wẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ará Ayọ̀bọ̀ kò ní wọ mọ́tò wá sí Ìgàndò nítorí ṣòkòtò tó fẹ́ gé. Olówó télọ̀ Ìgàndò ni àwọn òpópónà tó yí i ká, àwọn iléèwé ibẹ̀, àti àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn gbogboogbò Alímọ̀ṣọ́ tó wà nítòsí rẹ̀, tí wọ́n ń wọ yúnífọ́ọ̀mù lójoojúmọ́. Kí ó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí máàpù Google, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá wá télọ̀ lórí fóònù, àwọn tó sún mọ́ ọn wà lára ohun tí máàpù náà kọ́kọ́ ń wò. WhatsApp Business, tó jáde ní 2018, náà ní àyè tí a lè to àwòrán iṣẹ́ àti iye owó wọn sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àgúnmu, nítorí àwọn àgbà ò ṣèèṣì yàn án. Wọn kò pe ìpolówó ní àgbo, tí a ń bù mu kún ife, tó sì ń kan bó bá pẹ́. Àgúnmu gbẹ, ó kúnná, ṣíbí kékeré là ń dà sínú ẹ̀kọ gbígbóná láràárọ̀. Ẹni tó gba kánópì àti olórin lọ́jọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́ títí ọdún fi yí po, ó da ìgò àgúnmu mu lẹ́ẹ̀kan náà ni. Àgúnmu kì í sì í ṣe oúnjẹ. Aṣọ tí a rán tó wọ́, bí a bá polówó rẹ̀, ńṣe ni à ń pe ẹlẹ́rìí púpọ̀ sí i.

Ìwé kékeré kan tó fún télọ̀ láti bẹ̀rẹ̀ àgúnmu tirẹ̀. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà fóònù rẹ̀, iye ọmọ rẹ̀ àti kíláàsì tí wọ́n wà. Oṣù Kẹsàn-án ni iléèwé ń wọlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹjọ ni kí télọ̀ ti ránṣẹ́ sí oníbàárà náà pé ọmọ á ti ga sí i, kí wọ́n mú un wá wọn.