Ìjàpá Di Ológbò: Ìtàn Ọkọ̀ Orí Iyanrìn àti Ọ̀rọ̀ Ẹni Tí Ó Ni Iṣẹ́

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Òwe yìí ni a máa ń pa nígbà tí a bá fẹ́ gba ènìyàn níyànjú pé kí ó kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ fún wa bóyá ọlọ́gbọ́n tí a kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Ìtàn tí mo fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò kì í ṣe ti aláró tàbí ti agbẹ́gilére. Ìtàn ọkọ̀ kan ni, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1964. Láti ara ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti ṣe é. Láti ara rẹ̀ ni àwọn ẹlòmíràn náà ti ṣe tiwọn, títí ẹni tí ó ṣe é fi kógbá sílé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa gbòǹgbò kí n tó kan ẹ̀ka. Kò sí ẹni tí ó gbọ́njú ní ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1970 tí kò mọ ọkọ̀ Volkswagen kékeré tí a ń pè ní Ìjàpá. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó rí rubutu ni ó fún un ní orúkọ náà. Ní 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti bí i. Ferdinand Porsche ni ó ṣe ètò rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Ohun mẹ́ta ni ó ya ọkọ̀ yìí sọ́tọ̀. Èkíní, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà. Èkejì, afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì náà lára. Kò lo omi, kò sì ní rédíétọ̀. Ẹ̀kẹta, ara rẹ̀ dà bí ìdérí tí a fi bóòtì dè mọ́ orí ilẹ̀ irin pẹlẹbẹ kan. Bóòtì mẹ́rin péré ni ó sì so ẹ́ńjìnnì náà mọ́ àpótí jíà. Ẹni tí ó bá mọwọ́ spánà lè já a sílẹ̀ kí ó sì dá a padà láìpẹ́.

Ṣé Porsche nìkan ni ó wá ronú kan gbogbo èyí? Rárá o. Ní ilẹ̀ Czechoslovakia, ilé-iṣẹ́ Tatra, tí Hans Ledwinka jẹ́ olórí àwọn ayàwòrán ọkọ̀ rẹ̀, ti ń ṣe ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tí afẹ́fẹ́ sì ń tù ú. Tatra fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ti mú iṣẹ́ òun lò. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì wọ ilẹ̀ náà ní 1938 àti 1939, ẹjọ́ kú sẹ́nu ẹni tí ó ń rò ó. Lẹ́yìn ogun ni wọ́n tó tún gbé e dìde, àwọn ọdún 1960 sì ni Volkswagen tó san owó tí ọ̀rọ̀ náà fi tán nílẹ̀. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò tún bá irú rẹ̀ pàdé.

Nísinsìnyí, a lè kọjá sí California. Ibẹ̀ ni a bí Bruce Meyers sí ní 1926. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó jẹ́ ọmọ ogun ojú omi nínú ọkọ̀ Bunker Hill, tí àwọn awakọ̀ òfurufú Japan kọ lù nítòsí erékùṣù Okinawa ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1945. Àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà ju 300 lọ. Meyers bẹ́ sómi, ó sì yè é. Lẹ́yìn ogun, ó kọ́ iṣẹ́ ọnà yíyà, ó sì di ẹni tí ń fi fáíbà ṣe ọkọ̀ ojú omi. Okùn gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ni fáíbà yìí. A óò tẹ́ ẹ sínú mọ́ọ̀dù bí aṣọ, a óò fi oje rin ín. Bí ó bá gbẹ, á le koko, síbẹ̀ á fúyẹ́, kì í sì í dípẹtà.

Ní etíkun Pismo, Meyers rí àwọn tí ń fi ọkọ̀ gun òkè iyanrìn fún eré ìdárayá. Ògbólógbòó ọkọ̀ ni wọ́n ń lò, èyí tí wọ́n ti bọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n sì ti ki ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ bọ̀ nínú. Wọ́n lágbára, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo bí erin. Àwọn kan sì ti ń gbìyànjú láti fi egungun Volkswagen ṣe tiwọn. Bọ́gì ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Meyers rò ó wò pé lórí iyanrìn, kì í ṣe ẹni tí ó lágbára jù ni ó ń jáwé olúborí bí kò ṣe ẹni tí ó fúyẹ́ jù. Ó fi ọgbọ́n ọkọ̀ ojú omi mọ ara ọkọ̀ kan nínú fáíbà, ó ki ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ Volkswagen bọ̀ ọ́. Èyí ni ọkọ̀ pupa tí wọ́n sọ ní Old Red ní 1964. Nǹkan bí 12 ni ó ṣe ní irú èyí kí ó tó rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, owó tí ó ń ná an sì ju èyí tí ó ń rí lọ.

Ó wá yí ọwọ́ padà, ọwọ́ kejì yìí ni ó sì tàn káyé. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe bọ́gì yóò wá ògbólógbòó Ìjàpá, ìbáà jẹ́ èyí tí ó ti ní jàǹbá. Yóò tú bóòtì, yóò sì ṣí ara ọkọ̀ náà kúrò bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Yóò gé ínṣì 14 àti ààbọ̀ kúrò lára ilẹ̀ irin tí ó kù, yóò fa iwájú àti ẹ̀yìn sún mọ́ra, yóò sì jó wọn pọ̀. Iṣẹ́ ìfarabalẹ̀ ni èyí, nítorí bí ojú ibi tí a jó pọ̀ bá wọ́ díẹ̀, ọkọ̀ náà yóò máa rìn bí akàn. Ọ̀pá jíà, wáyà àti páìpù búréèkì gbọ́dọ̀ kúrú ní ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé ara fáíbà tí ó rà lọ́wọ́ Meyers lé e lórí, tí yóò sì fi táyà fẹ̀ǹfẹ̀ sẹ́yìn. Ìwúwo ẹ́ńjìnnì tí ó wà lẹ́yìn á tẹ táyà wọ̀nyí mọ́ iyanrìn, ìfúyẹ́ ara ọkọ̀ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n rì. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ méjì tí ẹ́ńjìnnì ń yí fi tó o níbi tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ti nílò mẹ́rin. Meyers sọ ọkọ̀ náà ní Manx. Manx ni orúkọ irú ológbò kan tí kò ní ìrù, tí ó ti erékùṣù Isle of Man wá. Bẹ́ẹ̀ ni Ìjàpá ilẹ̀ Jámánì ṣe di ológbò aláìnírù ní California.

Ọwọ́ ọmọ aráyé kò dúró síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Volkswagen ti ìgbà náà kò lágbára púpọ̀. Àwọn tí eré ń wù bá yọ ọ́, wọ́n fi ti Chevrolet Corvair rọ́pò rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Corvair náà ń gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, afẹ́fẹ́ náà ni ó ń tù ú, ṣùgbọ́n sìlíńdà mẹ́fà ni ó ní, agbára rẹ̀ sì tó 80 títí dé 140 ẹṣin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. A óò rò pé tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Àmọ́ ìjà kan wà láàárín wọn: òdìkejì ibi tí ẹ́ńjìnnì Volkswagen ń yí sí ni ti Corvair ń yí sí. Bí a bá kàn so ó mọ́ àpótí jíà Volkswagen láìṣe àtúnṣe, jíà mẹ́rin ni ọkọ̀ náà yóò ní fún ẹ̀yìn, ẹyọ kan ṣoṣo fún iwájú! Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ṣe ni pé wọ́n tú àpótí jíà, wọ́n yọ jíà ńlá tí ó rí bí òrùka, wọ́n sì gbé e sí òdìkejì ibi tí ó wà. Òdì pàdé òdì, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú. Manx tí wọ́n ki ẹ́ńjìnnì Corvair bọ̀ báyìí ni Steve McQueen wà ní etíkun nínú fíìmù The Thomas Crown Affair ní 1968.

Mo dúró lórí èyí nítorí pé ó gbé ìbéèrè wa síta gbangba. Ilẹ̀ ọkọ̀ wá láti Jámánì, ẹ́ńjìnnì láti ọ̀dọ̀ Chevrolet, ara láti ọwọ́ Meyers. Ẹni tí ó rà á ni ó sì tò ó pọ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Orúkọ ta ni kí a fi pè é? Ìwé ọkọ̀ a máa pè é ní Volkswagen ní ọ̀pọ̀ ibi, nítorí ilẹ̀ irin ni nọ́ńbà wà. Ó rán mi létí ìtàn ẹ̀yìn ìjàpá tí ó fọ́ tí wọ́n sì tò pọ̀ ní wẹ́wẹ́: gbogbo wa rí ojú ibi tí wọ́n ti tò ó, síbẹ̀ ìjàpá ni a ń pè é.

Òkìkí Manx kàn. Ní oṣù Kẹrin 1967, Meyers àti Ted Mangels wa Old Red láti La Paz dé Tijuana, ní ìhà Baja California ní Mẹ́síkò, ní wákàtí 34 àti ìṣẹ́jú 45. Ó fi wákàtí márùn-ún yá ju ohun tí alùpùpù ti ṣe ní 1962 lọ. Nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, wọ́n ṣètò ìdíje gidi lórí ọ̀nà yìí, Mexican 1000, Manx náà ni ó sì gbé ipò kìíní ní wákàtí 27 àti ìṣẹ́jú 38. Vic Wilson àti Mangels ni ó wà á.

Ibi tí a ti ń jó ni ilẹ̀ ti ń ya. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ra ara fáíbà kan lọ́wọ́ Meyers lè fi í ṣe mọ́ọ̀dù, kí ó sì máa yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde. Ilé-iṣẹ́ kéékèèké hù bí olú. Meyers ti gba ìwé àṣẹ ìjọba tí ó fi hàn pé òun ni ó ni iṣẹ́ náà. Ó gbé ọ̀kan nínú wọn lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n adájọ́ ní kì í ṣe ohun tí a lè gba irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ lé lórí. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí ó bẹ̀rù mọ́. Ó ju 5,000 tí Meyers tà, ṣùgbọ́n ti àwọn aláfarawé pọ̀ ju tirẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ní 1970, ó fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀; ní 1971, ilẹ̀kùn rẹ̀ tì.

Kí ni kí a sọ sí ọ̀rọ̀ yìí? Òfin irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ a máa béèrè pé: ṣé ohun tuntun ni? Ìtàn tí mo sọ fi hàn pé ìbéèrè náà le. Meyers kọ́ lára Porsche, Porsche kò ṣàìmọ ohun tí Tatra ń ṣe. Bí a bá ń tọpa rẹ̀ lọ, a kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ láéláé. Ìbéèrè tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wa máa ń béèrè yàtọ̀. Wíwo iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn. Ọmọ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ a máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jọ ti ọ̀gá ni wọ́n ń sọ pé ó ti mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti sìn, ó sì ti san ohun tí a ń san kí ó tó gba òmìnira. Bí ó bá dá dúró tán, ó gbọ́dọ̀ máa júbà. Ìbéèrè wọn kì í ṣe “Ta ni ó kọ́kọ́ ṣe é?” bí kò ṣe “Ọwọ́ ta ni o ti kọ́ ọ?”

Ní èrò tèmi, àìjúbà ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó da iṣẹ́ Meyers kọ. Bí wọ́n bá wò ó ṣe, tí wọ́n dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n sì mú díẹ̀ wá fún un nínú èrè, iṣẹ́ náà ì bá tàn, ọ̀gá kì bá sì ti ilẹ̀kùn. N kò sọ pé ìbà nìkan tó. Ìbà kì í kún ikùn. Ṣùgbọ́n níbi tí ìbà bá wà, ojú á máa ti ẹni tí ó fẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀ tán.

Ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ Meyers dára. Ní 2000 ó tún dá ilé-iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀. Ní 2014, Old Red di ọkọ̀ kejì tí wọ́n kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn ọkọ̀ ìtàn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó kú ní 2021, ẹni ọdún 94, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ni baba bọ́gì. Kóòtù gba èrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé ìtàn dá orúkọ rẹ̀ padà fún un.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Iṣẹ́ tí Meyers ṣe, irú rẹ̀ ni àwọn káfíńtà wa ṣe nígbà tí wọ́n ń gba ilẹ̀ irin àti ẹ́ńjìnnì Bedford tàbí Austin tí ó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì ń fi pákó kan ara lé e lórí. Wọ́n ṣe ìjókòó sí i, wọ́n kun ún lọ́dà, wọ́n kọ òwe sí iwájú rẹ̀. Ó di bọ̀lẹ́kájà tí ó kó àwọn òbí wa àti ẹrù oko wọn rìn jákèjádò ilẹ̀ yìí. Àwọn náà wo iṣẹ́ ara wọn ṣe, wọ́n sì júbà fún ọ̀gá wọn. Ṣùgbọ́n ìbà ẹnu ni, a kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ Bedford ni gbogbo wa mọ̀. Orúkọ ẹni tí ó kan pákó náà ti ń pa rẹ́ lọ pẹ̀lú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n. Àwa tí a mọ ìwé kọ ni gbèsè yìí wà lọ́rùn wa. Ẹni tí ó bá ní bàbá tàbí bàbá àgbà tí ó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí pé ọwọ́ ta ni ó ti kọ́ ọ, kí ó sì kọ orúkọ náà sílẹ̀.