Àádọ́rùn-ún Ọjọ́ Àlejò

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti gbà á, tàbí kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Àwọn Yorùbá pọ̀ nínú wọn.

Ní ọdún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe àdéhùn pé ọmọ ọ̀kan lè wọ òmíràn láìgba físà fún ọjọ́ 90; ẹni tí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ìjọba. Síbẹ̀, ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1983, Nàìjíríà náà pàṣẹ kí àwọn tí kò ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ará Gánà ló pọ̀ jù nínú wọn.

Àdéhùn náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Lórí ilẹ̀ tí ó lọ láti Lekki sí Ajah, láàárín òkun àti ọ̀sà, ni a ṣí ilé ìwòsàn Evercare sí ní ọdún 2021. Aláìsàn láti Kútọnu lè wá síbẹ̀ láìgba físà. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í ka ọjọ́. Bí ọjọ́ 90 bá ń pé lọ tí ara kò tíì yá, kí ẹbí rẹ̀ tètè tọrọ àfikún. Ìtàn 1969 àti 1983 fi hàn pé ìwé kan ṣoṣo lè sọ àlejò di ẹni tí a ń lé.