Ìwọ̀fà àti mọ́géèjì: owó wo lẹ̀ ń san gan-an?

1/
Ẹ jókòó ná, ìtàn rèé. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọ̀rọ̀ òyìnbó pátápátá ni mọ́géèjì. Àmọ́ àwọn baba ńlá wa ní nǹkan tó jọ ọ́ gan-an, ìwọ̀fà ni wọ́n ń pè é. Tí ìwọ̀fà bá yé èèyàn dáadáa, á yé e ìdí tí ẹnì kan fi ń san gbèsè ilé fún ọdún 25, tí ẹlòmíì tó yá iye kan náà sì parí tiẹ̀ kó tó pé 19. Ẹ máa bá mi bọ̀.

2/
Báwo ni ìwọ̀fà ṣe máa ń rí? Ká ní bàbá kan kú, àwọn ọmọ fẹ́ sin ín bó ṣe yẹ, kò sówó. Wọ́n á lọ bá olówó. Olówó á yá wọn lówó, onígbọ̀wọ́ á dúró láàárín. Ẹni tó yáwó, tàbí àbúrò ẹ̀, tàbí ọmọ ẹ̀ tó fi sọfà, á wá máa sin olówó. Kì í ṣe ẹrú o. Ọmọ onílé ni, ó lórúkọ, ó lẹ́bí, ó ṣì ní ẹ̀tọ́ ẹ̀ láàárín ìlú. Gbèsè ló dè é mọ́lẹ̀.

3/
Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Samuel Johnson kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe dúró fún èlé orí owó. Èlé nìkan. Ojú owó kò kúrò níbi tó wà. Ẹni tó yá àpò ẹyọ kan, tó sì sin olówó fún ọdún mẹ́wàá, àpò ẹyọ kan náà ló ṣì jẹ ní ọdún kẹwàá. Ọjọ́ tó bá kó owó náà wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló tó bọ́.

4/
Ẹ rò ó wò. O jí ní kùtùkùtù, o lọ kọ ebè nínú oko olóko, oòrùn pa ọ́, o sì padà wálé láìdín kọ́bọ̀ kan kù nínú gbèsè. Àwọn mìíì kú sórí ẹ̀, ọmọ wọn sì gbà á ṣe. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà fi wọ inú òwe wa tó bẹ́ẹ̀.

5/
Ẹ jẹ́ ká sọdá sí Ìlú Ọba wàyí. Ìwé òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní Glanvill, wọ́n kọ ọ́ ní nǹkan bíi 1188. Ìwé náà sọ pé ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà fi ilẹ̀ dógò. Ní ti àkọ́kọ́, olówó á gba ilẹ̀ ẹ, á máa kórè níbẹ̀, ohun tó bá kórè á sì máa dín gbèsè ẹ kù. Ní ti èkejì, olówó á máa kórè, á máa jẹ ẹ́, gbèsè ẹ ò sì ní dín.

6/
Wọ́n pe ti àkọ́kọ́ ní ìdógò alààyè. Wọ́n pe ti èkejì ní ìdógò òkú. Ní èdè Faransé tí àwọn amòfin wọn ń sọ nígbà yẹn, «mort» ni òkú, «gage» ni ìdógò. Ẹ pa méjèèjì pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, ibẹ̀ ni mọ́géèjì ti wá! Àwọn amòfin tó dé lẹ́yìn túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́nà mìíì, àmọ́ ohun tí Glanvill kọ nìyẹn.

7/
Ẹ wá fi wé ìwọ̀fà. Iṣẹ́ ìwọ̀fà kò dín ojú owó kù. Ìkórè orí ìdógò òkú náà kò dín in kù. Àwa àti àwọn ò tíì mọ ara wa rí nígbà yẹn, síbẹ̀ olówó ìhín àti olówó ọ̀hún ronú kan àrà kan náà.

8/
Báwo wá ni àwọn tálákà ṣe ń bọ́? Nílé, èésú wà. Èèyàn mélòó kan á kóra jọ, kálukú á máa dá iye kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí lọ́jọ́ ọjà, ẹnì kan á kó gbogbo ẹ̀. Lọ́jọ́ mìíì, ó kan ẹlòmíì. Johnson mẹ́nu bà á. Ní 1952, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ odindi àpilẹ̀kọ lé e lórí. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń san ojú owó ìwọ̀fà, irú owó ńlá tí èésú ń kó jọ gan-an lẹni tó ń sìn nílò. Ìwọ̀fà sì máa ń ní àkókò tiẹ̀, tó lè fi ro oko ara ẹ̀. Iṣu tó bá tà níbẹ̀ ló máa fi dá èésú.

9/
Àti jíjẹ mọ níwọ̀n o. A gúnyán nínú ewé, a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń sọ.

10/
Lọ́dún 1775, ní Birmingham, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Ketley ní ilé ọtí kan tórúkọ ẹ̀ ń jẹ́ Golden Cross. Àwọn oníbàárà ẹ̀ máa ń pàdé níbẹ̀. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀: kálukú á máa dá owó lóṣooṣù, tó bá ti tó kọ́ ilé kan, wọ́n á fún ẹnì kan kó lọ kọ́ ọ. Ẹni tó kọ́lé tán ò ní dáwó dúró, á ṣì máa dá tiẹ̀ títí gbogbo wọn á fi ní ilé. Lọ́jọ́ tí ẹni ìkẹyìn bá ní ilé, ẹgbẹ́ tú ká nìyẹn.

11/
Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, kí lẹ rí yẹn? Ṣebí èésú ni! Èésú tí wọ́n fi ń kọ́lé. Orí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn ilé ìfowópamọ́ akọ́lé ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti hù jáde. Àfojúsùn wọn nígbà yẹn ni pé kí gbèsè tán, kí ẹgbẹ́ tú, kí kálukú máa sùn nínú ilé ẹ̀.

12/
Nígbà tó di 1845, irú mìíì dé: ẹgbẹ́ tí kò ní í tú ká mọ́. Metropolitan Equitable ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ́kọ́ ṣe é. Èèyàn lè fowó pamọ́ síbẹ̀ láìfẹ́ kọ́lé, kó kàn máa gba èlé. Èyí ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, nítorí kò sí pé à ń dúró kó kàn wá mọ́. Àmọ́ ẹ wò ó: àtìgbà yẹn, ẹnì kan wà tí inú ẹ̀ máa ń dùn tí gbèsè yín bá pẹ́.

13/
Ẹ jẹ́ ká fo ọgọ́rùn-ún ọdún. 1948, ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury. Àwọn ará Jàmáíkà, Trinidad àti erékùṣù mìíì ń dé láti wá ṣiṣẹ́. Onílé ò fẹ́ fún wọn ní yàrá, báńkì ò sì fẹ́ yá wọn lówó ilé. Di 1968 kí òfin tó sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ torí àwọ̀ ara fi ilé du èèyàn.

14/
Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n dá èésú. Àwọn ará Jàmáíkà pe tiwọn ní pardner. Àwọn ará Trinidad pe tiwọn ní susu, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu àwọn baba ńlá wa tí wọ́n kó lẹ́rú sọdá òkun wá. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ò kú! Odindi ìdílé ń gbé inú yàrá kan, wọ́n ń dáná lórí sítóòfù kan pẹ̀lú àwọn yàrá tó kù, wọ́n ń fi kẹrosíìnì yá iná ní òtútù. Tí èésú bá kan ẹnì kan, á fi ṣe owó ìdókòwò ilé àtijọ́ kan. Á gbé yàrá kan níbẹ̀, á fi ìyókù háyà, owó háyà á sì máa san gbèsè.

15/
Lẹ́yìn náà, ní àwọn ọdún 1980 sí 1990, àrà mìíì tún dé ní Ìlú Ọba. Wọ́n ní kí èèyàn máa san èlé nìkan fún báńkì, kó máa san owó mìíì sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò. Owó ti adójútòfò yẹn á dàgbà, á sì san ojú owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ó dùn létí. Nígbà tó yá, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í dé ilé ọ̀pọ̀ èèyàn pé owó tó dàgbà náà ò ní tó. Ọdún 20 lẹlòmíì ti fi san èlé, ojú owó ṣì wà níbẹ̀ gbọin. Ẹ pe ìyẹn ní ìwọ̀fà tó wọ kóòtù àti táì.

16/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sọ pé «mọ́géèjì tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tiwa ń dín kù», òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní ẹ yá £100,000, èlé 5% lọ́dún, ọdún 25. Ohun tẹ́ ẹ máa san lóṣù jẹ́ nǹkan bíi £584.59. Nínú oṣù àkọ́kọ́, £416.67 nínú ẹ̀ ni èlé. £167.92 péré ló kan ojú owó.

17/
Tí ọdún kan bá pé, ẹ ti san nǹkan bíi £7,015. Gbèsè dín pẹ̀lú nǹkan bíi £2,062. Ìyókù, iṣẹ́ ìwọ̀fà ni! Ó máa di ọdún kejìlá kí owó tó ń lọ sórí ojú owó lóṣù tó ju èlé lọ. Tí ẹ bá san án títí ọdún 25 fi pé, èlé nìkan á jẹ́ nǹkan bíi £75,400.

18/
Ní báyìí, ẹ fi £100 kún un lóṣooṣù, látoṣù àkọ́kọ́. Gbogbo £100 yẹn, orí ojú owó ló ń lọ, nítorí ẹ ti san èlé oṣù yẹn tẹ́lẹ̀. Gbèsè á tán ní nǹkan bí ọdún 18 àti oṣù 10. Ọdún mẹ́fà àti oṣù méjì ti kúrò. Èlé tí ẹ ò ní san mọ́ á tó nǹkan bíi £20,900.

19/
Níbo ni £100 ti máa wá? Ẹni tó ń ra oúnjẹ ọ̀sán £5 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ iṣẹ́ 20, £100 lóṣù nìyẹn. Ìrẹsì nínú abọ́ láti ilé. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ sè ní Sunday, tẹ́ ẹ pín sínú fírísà. Aṣọ ẹbí ẹni tẹ́ ẹ ò tíì rí sójú rí: ẹ kí i kú oríire, ẹ wọ lace tó wà nílé. Ìnáwó òkú àti ìgbéyàwó wà lára ohun tó ń sọ èèyàn di ìwọ̀fà láyé ọjọ́un, òwàǹbẹ̀ sì ṣì ń jẹ àwa náà lówó.

20/
Mi ò ní kẹ́ ẹ fìyà jẹ ara yín o. Ẹni tó ń febi pa ọmọ nítorí kó lè san gbèsè kíákíá, kò tíì kúrò lóko ìwọ̀fà. Ohun tí mò ń sọ ni pé tí ẹ bá ti rí owó kan fi pamọ́, ẹ jẹ́ kó ní ibi tó ń lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Tó bá jókòó sínú àkáǹtì lásán, á tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ.

21/
Nǹkan mẹ́rin kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀:
Ẹ kọ́kọ́ san gbèsè tí èlé ẹ̀ ga ju ti ilé lọ, bíi ti káàdì.
Ẹ ní owó oṣù mélòó kan nílẹ̀, nítorí ilé ò ṣe é bù tà tí iṣẹ́ bá bọ́.
Ẹ bi báńkì iye tẹ́ ẹ lè fi kún un lọ́dún láìsan ìtanràn. Ní Ìlú Ọba, ọ̀pọ̀ ló ń gba 10% ohun tó kù nínú gbèsè, àmọ́ ẹ ka ìwé tiyín.
Ẹ ní kí wọ́n fi owó náà dín iye ọdún kù, kí wọ́n má fi dín owó oṣooṣù kù.

22/
Òdodo ọ̀rọ̀ tún ni pé tí ibi ìfowópamọ́ kan tó dájú bá ń fún yín ní èlé tó ju ti gbèsè yín lọ, ó lè sàn kí owó wà níbẹ̀ ná. Ẹ ṣírò ẹ̀. Ẹ má torí pé ẹnì kan kọ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe é, èmi náà wà níbẹ̀.

23/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Èkó, Ìbàdàn, tẹ́ ẹ ò ní mọ́géèjì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Owó tẹ́ ẹ yá lórí fóònù, owó kọpuréètìfù, ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń san díẹ̀díẹ̀: ìbéèrè kan náà ni. Nínú ohun tí mo san lóṣù yìí, èló ló dín gbèsè kù? Èló ni iṣẹ́ olówó?

24/
Ìwọ̀fà àtijọ́ mọ èsì ìbéèrè yẹn dájú. Ó mọ̀ pé òwúrọ̀ jẹ́ ti olówó, ìrọ̀lẹ́ jẹ́ tòun, ìrọ̀lẹ́ yẹn ló sì fi ń ra ara ẹ̀ padà. Ẹ lọ gbé ìwé gbèsè yín jáde lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ fi bírò fa ìlà sábẹ́ ojú owó. Ẹni tó bá ti san tiẹ̀ tán rí, kó wá sọ bó ṣe ṣe é lábẹ́ ibí fún wa.