Àìná Ọnàbólú, Akọ̀wé Tí Ó Padà Di Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Akọ̀wé kan pàdé mi ní ọjà Sandgrouse, ní ẹ̀gbẹ́ àwọn alátà, ó sì bi mí pé, “Tíṣà, ṣé kò ti pẹ́ jù fún ẹni tí ó ní aya àti ọmọ mẹ́ta láti tún lọ jókòó níwájú olùkọ́?” Ojú ń tì í díẹ̀ bí ó ti ń bèèrè. N kò fi òwe dá a lóhùn. Ìtàn ni mo sọ fún un, nítorí pé ní Erékùṣù Èkó yìí gan-an ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni a bí Àìná Ọnàbólú sí ní ọdún 1882. Kò sí olùkọ́ tí yóò kọ́ ọ ní àwòrán yíyà nígbà tí ó wà lọ́mọdé, nítorí náà ó fi àwọn àwòrán inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ẹ̀sìn tí ó ti ilẹ̀ òyìnbó wá ṣe olùkọ́; a máa wò wọ́n, a sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà wọ́n jáde. Nígbà tí ó dé Èkó, ó rí iṣẹ́ ìjọba ṣe ní ilé-iṣẹ́ aṣọ́bodè. Iṣẹ́ ìjọba ni ó fún un ní oúnjẹ. Àwòrán ni ó gba ọkàn rẹ̀. Ní 1906 ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, àwòrán tí àwọn onímọ̀ ṣì ń mẹ́nu kàn títí di òní. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ọdún náà. Ọdún 14 gbáko ni ó wà láàárín àwòrán yìí àti ìgbà tí ó fi Èkó sílẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kẹ́kọ̀ọ́.

Kì í ṣe òun ni akọ̀wé àkọ́kọ́ tí yóò kúrò nídìí tábìlì ìjọba. Adéyẹmọ Alákijà náà ṣe akọ̀wé fún ọdún 10 kí ó tó lọ kọ́ òfin ní 1910, ó sì di agbẹjọ́rò ní 1913. Ṣùgbọ́n gbogbo Èkó ni ó mọ ohun tí agbẹjọ́rò ń jẹ. Ta ni ó mọ ohun tí ayàwòrán ń jẹ? Kò sí àga kankan tí ó ń dúró de Ọnàbólú ní ìpadàbọ̀. Ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà náà sì gbà pé ènìyàn dúdú kò lè ya àwòrán ènìyàn kí ó jọ ẹni tí a ń yà. Irọ́ yìí ni ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ já.

Ní 1920, ọdún tí ó lọ náà, ó ya àwòrán Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà. Ọkùnrin tí ó jókòó fún un yìí mọ ohun tí pípààrọ̀ iṣẹ́ jẹ́. Ilẹ̀ Sàró ni a bí Sàpárà sí ní 1861. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni ó kọ́kọ́ kọ́ ní Èkó, lẹ́yìn èyí ni ó ń po oògùn ní ilé ìwòsàn ìjọba, kí ó tó kọjá sí ilẹ̀ òyìnbó, tí ó sì gba ìwé ẹ̀rí oníṣègùn ní 1895, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 30 ọdún. Òun ni ó padà wá bá àrùn ilẹ̀ gbígbóná wọ̀yá ìjà ní Èkó. Mo máa ń ro ti àwọn méjèèjì nínú yàrá kan náà: ẹni tí ó ti lọ tí ó sì ti bọ̀ jókòó, ẹni tí ó fẹ́ lọ mú búrọ́ọ̀ṣì dání.

Ọnàbólú ti súnmọ́ ẹni 40 ọdún nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà St. John’s Wood ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ni ó ń wá níbẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti dá tẹ́lẹ̀? Lójú tèmi, ohun méjì ni. Èkíní ni òfin iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́bàá ojú irin ní Ìddó tí ó sì wo ọ̀nà jíjìn, yóò rí i bí ẹni pé irin méjèèjì pàdé, bẹ́ẹ̀ wọn kò pàdé. Láti gbé irú ìrísí bẹ́ẹ̀ sórí bébà pẹrẹsẹ, ó ní ìlànà, ojú lásán kò sì lè rí gbogbo rẹ̀ mú. Èkejì ni àṣẹ láti kọ́ ẹlòmíràn. Ní 1922 ó padà dé pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọnà àti ìwé ẹ̀rí olùkọ́.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń ti ilé-ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó: King’s College, CMS Grammar School àti àwọn mìíràn. Ìlànà tí mo sọ yìí ni ó tẹnu mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní “Mr. Perspective.” (Àwọn kan wà nínú àwa olùkọ́ tí ó ṣì ka àwòrán yíyà sí eré ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n gbọ́.) Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ mìíràn, Kenneth Murray sì dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Ọ̀rọ̀ wọn kò bára mu. Òyìnbó náà fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tẹ̀lé ọnà àwọn baba wọn. Ọmọ Ìjẹ̀bú náà fẹ́ kí wọ́n mọ ìlànà ti Lọ́ńdọ̀nù. Ọnàbólú kò yí padà títí ó fi kú ní 1963.

Akọ̀wé mi gbọ́ ìtàn náà dé òpin, ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n bá òun ṣírò iye tí owó ilé àti owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ yóò jẹ́ fún ọdún méjì. Ìyá alátà kan sún fún wa lórí pákó rẹ̀, a jókòó, a sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣírò.